Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìmọ́lẹ̀ àti Òkùnkùn Nínú Ìwé Mímọ́

Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ìwàásù fún ọdún mélòó kan ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó ṣí Bíbélì rárá: ìmọ́lẹ̀ dára, òkùnkùn burú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdáhùn yẹn á máa bá a lọ títí tó fi máa dé Ẹ́kísódù 20:21, níbi tí àwọn ènìyàn ti ta kété, tí Mósè sì sún mọ́ òkùnkùn ṣíṣú níbi tí Ọlọ́run wà. Ẹ tún un kà. Inú òkùnkùn ni Ọlọ́run wà níbẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti wọ inú òkùnkùn náà lọ bá a. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́sórí ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀.

Ọ̀nà tí a fẹ́ fi hàn níbí kò le. Dípò kí ẹ máa béèrè pé "kí ni ìtumọ̀ ìmọ́lẹ̀?", ẹ béèrè pé "iṣẹ́ wo ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń ṣe níbí, ta ló sì ń ṣe é fún?" Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkùnkùn: ta ló wà nínú rẹ̀, báwo ló sì ṣe débẹ̀? Bí a bá ní sùúrù, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan á dáhùn fúnra rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀

Bíbélì tó ní ẹsẹ ìtọ́kasí, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò kan ti tó. Ẹ fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kó lè pín sí mẹ́rin. Ẹ kọ ẹsẹ sí àyè àkọ́kọ́, irú ìmọ́lẹ̀ tàbí òkùnkùn tó jẹ́ sí èkejì, iṣẹ́ tó ń ṣe sí ẹ̀kẹta, ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe débẹ̀ sí ẹ̀kẹrin. Ẹ jẹ́ kí àyè kẹrin fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ sí.

Ẹ má ṣe fi ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ Bíbélì bẹ̀rẹ̀. Ṣe ni ìwé yẹn máa ń to ọ̀rọ̀ Jóòbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù bí ẹni pé ẹnu kan náà ló sọ ọ́, kò sì ní fi ohun tó wà ṣáájú tàbí lẹ́yìn ẹsẹ hàn yín. Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìhìn Rere Jòhánù ló dára jù, torí òǹkọ̀wé náà mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òru ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Orí 21 ló ní. Ẹni tó bá kà á sókè lè parí rẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí Àìsáyà orí 40 sí 66, kí ẹ tó wá kan Sáàmù.

Irú ìmọ́lẹ̀ wo ni?

Ẹrù tí ọ̀rọ̀ náà "ìmọ́lẹ̀" ń rù nínú Bíbélì wa pọ̀. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní. Ní ẹsẹ 3, ìmọ́lẹ̀ wà. Ní ẹsẹ 16, Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀ ńlá méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni létí wa, ṣùgbọ́n méjì ni nínú èdè Hébérù: èyí tó wà ní ẹsẹ 3 ni ìmọ́lẹ̀ gan-an, èyí tó wà ní ẹsẹ 16 ni àwọn ohun tó gbé ìmọ́lẹ̀, ìyẹn oòrùn àti òṣùpá, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n sì dé. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa da ara rẹ̀ láàmú lórí bí ọjọ́ ṣe lè wà kí oòrùn tó wà. Òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ pe oòrùn àti òṣùpá ní orúkọ wọn. Ó pe ọ̀kan ní èyí tó tóbi, ó pe èkejì ní èyí tó kéré, ó sì yan iṣẹ́ fún wọn bí ìgbà tí a bá ń yan iṣẹ́ fún ìránṣẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń forí balẹ̀ fún oòrùn àti òṣùpá, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Diutarónómì 4:19 sì sọ ọ́ tààrà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ wọ́n.

Fìtílà tún yàtọ̀. Ohun amọ̀ kékeré tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́ ni, òróró ólífì wà nínú rẹ̀, òwú ọ̀gbọ̀ sì ń fa òróró náà. Ẹ fi bó ṣe rí sọ́kàn, torí ohun mẹ́ta wà lára rẹ̀ tí Bíbélì ń lò. Àkọ́kọ́, òróró a máa tán. Òun ló fa wàhálà àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù 25. Èkejì, tí òróró bá ti ń tán lọ, òwú náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, èéfín á máa rú, òórùn rẹ̀ á gba inú ilé, ọwọ́ onílé á sì ti ná síwájú láti fún un pa. Òwú yìí ni Àìsáyà 42:3 ń sọ pé ìránṣẹ́ Olúwa kò ní pa. Ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ìṣísẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Sáàmù 119:105 sọ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni fìtílà fún ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà ló ń sọ: ibi tí a ó gbé e lé báyìí. Àwọn tó ń fi ẹsẹ yìí béèrè pé kí Ọlọ́run fi gbogbo ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ hàn wọ́n ń béèrè ohun tí fìtílà kì í ṣe.

Ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti fìtílà ni Jòhánù náà fi sọ Jésù àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Jòhánù 1:8 ní Onítẹ̀bọmi kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ náà. Jòhánù 5:35 ní fìtílà ni, tó ń jó, tó sì ń tàn. Nínú Gíríìkì, ọ̀kan ni phōs, èkejì ni lychnos. Ẹ kọ wọ́n sí àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé yín. A ó padà sí ọ̀rọ̀ lychnos yìí níkẹyìn.

Ojú tó ń mọ́lẹ̀ síni lára (Númérì 6:25, Sáàmù 80:3) jẹ́ ojú rere, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkùnkùn náà kò rí bákan náà

Òru jẹ́ àkókò lásán nígbà mìíràn. Òkùnkùn Éjíbítì (Ẹ́kísódù 10:21-23) jẹ́ ìdájọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà, a lè fọwọ́ bà á, kò sì sẹ́ni tó dìde kúrò níbi tó wà. Òkùnkùn lóde inú Mátíù 8:12, 22:13 àti 25:30 kò ṣeé lóye àfi tí a bá rántí pé àsè ló wà nínú ilé, 22:13 tilẹ̀ jẹ́ ti ìgbéyàwó. Iná ń jó nínú ilé, ẹni tí a tì jáde ló wà nínú òkùnkùn. Kókó ibẹ̀ ni pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn sóde.

Òkùnkùn ṣíṣú tó yí Ọlọ́run ká lèyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá. Yàtọ̀ sí Ẹ́kísódù 20:21, ẹ kọ Sáàmù 18:11, Sáàmù 97:2 àti 1 Àwọn Ọba 8:12 sílẹ̀, níbi tí Sólómọ́nì ti sọ pé Olúwa ní òun yóò máa gbé inú òkùnkùn biribiri. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe àgọ́ ìjọsìn tí Mósè pa ní aginjù pẹ̀lú. Nínú ibi mímọ́, ọ̀pá fìtílà kan wà, fìtílà méje lórí rẹ̀, tálẹ́ńtì wúrà kan ni wọ́n fi ṣe é, ó lé ní 30 kìlógíráàmù. Láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀ ló sì ń jó (Ẹ́kísódù 25:31-40, 27:20-21). Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí àpótí ẹ̀rí wà, Ẹ́kísódù kò mẹ́nu kan fìtílà kankan. Bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ ibi ìjókòó Ọlọ́run ni ìmọ́lẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn tàn ń dín kù. Òkùnkùn yìí kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń bo ògo tí ojú wa kò lè gbà ni. 1 Tímótì 6:16 gba ọ̀nà kejì sọ ohun kan náà: Ọlọ́run ń gbé inú ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sún mọ́. Kò sí ìjà láàárín ẹsẹ méjèèjì. Ẹni tó bá wo oòrùn lójú ọ̀sán mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè fọ́ ènìyàn lójú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Pọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 22:11: ògo ìmọ́lẹ̀ náà ni kò jẹ́ kó ríran.

Ẹ wo aago

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe á dín kù tí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka ọ̀sán, wákàtí 12 sì ni (Jòhánù 11:9). Wákàtí kẹfà jẹ́ ọ̀sán gangan, wákàtí kẹsàn-án jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́ta. Ìṣọ́ mẹ́rin ni òru pín sí, Máàkù 13:35 sì dárúkọ gbogbo wọn: àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́, ìgbà tí àkùkọ ń kọ, òwúrọ̀. Àṣálẹ́ ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 1 ń sọ ọ́ léraléra pé àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ló di ọjọ́ kan. Òru ló ń ṣáájú, ọjọ́ á sì máa rìn lọ sínú ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn á gbọ́ Róòmù 13:12 dáadáa nígbà tí Pọ́ọ̀lù ní òru ti lọ jìnnà, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀.

Aago yìí náà ló ń bá wa yẹ òkùnkùn ọjọ́ ìkànmọ́gi wò. Láti wákàtí kẹfà dé ìkẹsàn-án ni (Mátíù 27:45), wákàtí mẹ́ta gbáko. Àwọn kan máa ń sọ pé òṣùpá ló ṣíji bo oòrùn. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìrékọjá máa ń bọ́ sí ìgbà tí òṣùpá yọ kíkún, òṣùpá kì í sì í bo oòrùn àfi nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, tí òṣùpá bá tilẹ̀ bo oòrùn pátápátá, òkùnkùn rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹsẹ tó yẹ kí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ámósì 8:9, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun yóò mú kí oòrùn wọ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ẹsẹ 10 sì sọ ọ̀fọ̀ náà di bí ọ̀fọ̀ ọmọ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe

Nínú àyè kẹta ìwé yín, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń padà wá jù: ó ń fi ọ̀nà hàn, ó ń tú àṣírí, ó ń yọ ènìyàn nínú ìgbèkùn. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Jòhánù 3:20 àti Éfésù 5:11-13 jẹ́ ti àṣírí títú. Ẹni tó bá kà wọ́n bí ìtọ́sọ́nà kò ní rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa sá fún ìmọ́lẹ̀. Àìsáyà 9:2 jẹ́ ti ìgbèkùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 8:19: àwọn ènìyàn ń lọ bá abókùúsọ̀rọ̀, ebi ń pa wọ́n, ìpọ́njú ti dé bá Sébúlúnì àti Náfítálì. Ẹ wá wo ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ní 9:4-5: ó ṣẹ́ àjàgà, ó fi bàtà jagunjagun àti aṣọ tí a yí nínú ẹ̀jẹ̀ dáná. Nígbà tí Mátíù 4:15-16 fa ọ̀rọ̀ yìí yọ fún Gálílì, ìtúsílẹ̀ yẹn ló ń kéde.

Ta ló wà nínú òkùnkùn, báwo ló sì ṣe débẹ̀?

Tí a kò bá béèrè ìbéèrè yìí, a lè ṣe ènìyàn léṣe. Àwọn kan wà nínú òkùnkùn torí pé wọ́n yàn án. 1 Jòhánù 2:11 ní ẹni tó kórìíra arákùnrin rẹ̀ ń rìn nínú òkùnkùn, kò sì mọ ibi tó ń lọ. Àmọ́ Àìsáyà 50:10 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bẹ̀rù Olúwa, tó gbọ́ràn sí ìránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ tó ń rìn nínú òkùnkùn tí kò ní ìmọ́lẹ̀. Wọn kò bá a wí. Kó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa ni wọ́n sọ fún un. Àwọn tí a bá wí ni ti ẹsẹ 11, àwọn tó dá iná tiwọn láti fi ríran. Sáàmù 88 náà parí sínú òkùnkùn láìsí ọ̀rọ̀ ìtùnú kan lẹ́yìn rẹ̀, àdúrà ni síbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń ṣọ̀fọ̀, tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú un, tó ní òkùnkùn yí òun ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé 1 Jòhánù 2:11 kò ó lójú. Àìsáyà 50:10 ni tirẹ̀.

"Iṣẹ́ òkùnkùn" náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Tí a bá gbọ́ ọ, ọkàn wa lè sáré lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn àti ohun tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù ka tirẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní Róòmù 13:12-13: àríyá aláriwo, ìmutípara, ìwà àgbèrè, wọ̀bìà, ìjà àti ìlara. Méjì tó kẹ́yìn yẹn wà nínú ilé tí iná ń jó gidi.

Àpẹẹrẹ kan tí a ṣe délẹ̀: Mátíù 6:22-23

"Ojú ni fìtílà ara." Ọ̀pọ̀ ń ka ẹsẹ yìí bí ìkìlọ̀ nípa ohun tí à ń wò, ìwòkuwò àti irú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó tì í. Ẹsẹ 19 sí 21 ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣúra tí kòkòrò àti ìpẹtà ń bàjẹ́. Ẹsẹ 24 ní ẹnikẹ́ni kò lè sin Ọlọ́run àti mámónì. Owó níwájú, owó lẹ́yìn. Báwo ni ọ̀rọ̀ ojú ṣe há sáàárín wọn?

Nínú èdè Hébérù, ẹni tí "ojú rẹ̀ burú" ni ahun tàbí oníwọra. Òwe 23:6 ní kí a má ṣe jẹ oúnjẹ rẹ̀. Òwe 28:22 ní ó ń lé ọrọ̀ kiri. Diutarónómì 15:9 kìlọ̀ kí ojú má ṣe burú sí arákùnrin tó jẹ́ tálákà. Nínú Mátíù 20:15, onílé béèrè lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe tó ń kùn sí owó tí wọ́n san fún ẹlòmíràn bóyá ojú wọn burú torí pé òun jẹ́ ẹni rere. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti gbà, àwa tí a ń pe wọ̀bìà ní ojúkòkòrò. Òkùnkùn tó wà ní Mátíù 6:23 ni òkùnkùn ojúkòkòrò. Ẹni tó ní in rò pé òun ń ríran, ó mọ iye tí ohun gbogbo ń jẹ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣaláìní ni kò rí. Ìyẹn ló mú kí Jésù fi kún un pé bí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ènìyàn bá jẹ́ òkùnkùn, òkùnkùn náà á ti pọ̀ tó!

Nínú ìwé yín: àyè kejì, fìtílà, àyè kẹta, ó ń fi ẹnìkejì hàn wá, àyè kẹrin, ẹni tó fẹ́ràn owó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi débẹ̀.

Títọpa rẹ̀ nínú ìwé odindi

Ẹ padà sí Jòhánù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà ní 1:5 níbi tí a ti ní òkùnkùn kò borí ìmọ́lẹ̀ lè jẹ́ bíborí, ó sì lè jẹ́ lílóye. Ìdí abájọ tí àwọn ìtumọ̀ kò fi bára mu nìyí. Gbígbá mú ló wà nídìí rẹ̀: apá òkùnkùn kò ká a. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló padà wá ní 12:35, ẹ máa rìn nígbà tí ẹ ní ìmọ́lẹ̀, kí òkùnkùn má baà ká yín mọ́. Ohun tí kò rí ìmọ́lẹ̀ mú lè mú ènìyàn.

Ẹ wá tọpa ẹni méjì. Nikodémù wá ní òru (3:2). Jòhánù kò sọ ìdí. Ẹ má ṣe kọ "nítorí ìbẹ̀rù" sí àyè kẹrin. Jósẹ́fù ará Arimatíà ni wọ́n sọ ìyẹn nípa rẹ̀, ní 19:38, ọ̀pọ̀ oníwàásù ló sì ti yá ìbẹ̀rù rẹ̀ fún Nikodémù. Ní 7:50-51, Nikodémù sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìgbìmọ̀. Ní 19:39, ó gbé òjíá àti álóè tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lítírà wá, ìwọ̀n àwọn ará Róòmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta kìlógíráàmù. Jòhánù sì rán wa létí níbẹ̀ pé òun ni ẹni tó kọ́kọ́ wá ní òru. Nítorí ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́, wọ́n ní láti sin òkú náà kí Sábáàtì tó wọlé, kí oòrùn tó wọ̀. Ojúmọmọ ló wá lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ẹrù tí kò ṣeé fi pamọ́.

Júdásì gba ọ̀nà òdìkejì. Ó jẹun tán lọ́wọ́ Jésù, ó jáde, "òru sì ni" (13:30). Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni nínú Gíríìkì. Nígbà tó máa fi padà ní 18:3, fìtílà àti ògùṣọ̀ ni òun àtàwọn tó kó lẹ́yìn gbé lọ́wọ́.

Fún Jòhánù 8:12, ẹ ka 7:37-52 kí ẹ sì fò sí 8:12, torí ìtàn obìnrin tí a mú nínú panṣágà kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù. Àjọ Àgọ́ ni wọ́n ń ṣe (7:2). Mishnah, àkójọ òfin àwọn Júù tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ibí Kírísítì, ṣàlàyé pé nínú àgbàlá àwọn obìnrin ní Tẹ́ḿpìlì, wọ́n máa ń tan àwọn ọ̀pá fìtílà wúrà nígbà àjọ náà. Àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà ló ń fi àkàbà gùn ún lọ bu òróró sí i, aṣọ àlùfáà tó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe òwú rẹ̀, kò sì sí àgbàlá kan ní Jerúsálẹ́mù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Ní sáà àjọ yìí, nínú Tẹ́ḿpìlì kan náà, ni Jésù ti sọ pé òun ni ìmọ́lẹ̀ ayé. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣàjọyọ̀ fún Jerúsálẹ́mù. Òun sọ ti ayé.

Ẹ má ṣe gbàgbé 20:1. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Màríà Magidalénì dé ibojì, òkúta sì ti kúrò. Inú òkùnkùn ni àjíǹde ti ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀.

Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Àṣìṣe márùn-ún ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni kí a mú àwọ̀ ara wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Òkùnkùn inú Ìwé Mímọ́ kò jẹ mọ́ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí obìnrin inú Orin Sólómọ́nì 1:5-6 ní òun dúdú, ó ní òun lẹ́wà, ó sì sọ pé oòrùn ló pa òun lára. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó lò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkùnkùn rárá.

Kí a fi Àìsáyà 45:7 sọ Ọlọ́run di orísun ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ náà to ìmọ́lẹ̀ kọjú sí òkùnkùn, ó to àlàáfíà kọjú sí ibi. Ohun tó dojú kọ àlàáfíà ni àjálù. Kírúsì ọba Páṣíà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí (45:1), ó sì ń sọ fún un pé ọlọ́run mìíràn kò sí, yálà fún òwúrọ̀ tàbí fún òru.

Kí a gbà pé gbogbo ohun tó ń tàn ló ti ọ̀run wá. 2 Kọ́ríńtì 11:14 ní Sátánì a máa pa ara rẹ̀ dà di áńgẹ́lì ìmọ́lẹ̀. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: ọba Bábílónì ni ní Àìsáyà 14:12 (ẹ wo ẹsẹ 4), Jésù ni ní Ìfihàn 22:16.

Kí a fi Mátíù 5:14 kọ́ ènìyàn kan ní òkìkí. "Ẹ̀yin" ibẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀wọ̀, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ìlú tó wà lórí òkè ló fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹnì kan kì í sì í jẹ́ ìlú. Ẹsẹ 16 ní iṣẹ́ rere ni kí wọ́n rí, kí wọ́n sì yin Baba.

Kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lé orí ìró Yorùbá. "Ìmọ̀" àti "ìmọ́lẹ̀" jọra létí, àmọ́ mọ̀ àti mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn wọn ti yà wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ àti ìmọ̀ pàdé lóòótọ́ ní 2 Kọ́ríńtì 4:6, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe èdè wa.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn

Tí ìwé yín bá ti kún dé ìwọ̀n kan, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun, kí ẹ to Jẹ́nẹ́sísì 1 àti Ìfihàn 21 sí 22 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ìmọ́lẹ̀ wà kí oòrùn tó wà. Nínú Ìfihàn 21:23, ìlú náà kò nílò oòrùn mọ́. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ọlọ́run kò pa òkùnkùn run, ó sọ ọ́ ní orúkọ, Òru, ó sì fún un ní àyè tirẹ̀. Ní Ìfihàn 22:5, kò sí òru mọ́.

Ẹ wá ka 21:23 dé òpin rẹ̀. Ògo Ọlọ́run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlú náà, Ọ̀dọ́-Àgùntàn sì ni lychnos rẹ̀. Fìtílà. Ọ̀rọ̀ tí Jòhánù 5:35 lò fún Onítẹ̀bọmi, ohun amọ̀ kékeré tí òróró rẹ̀ ń tán, ni Ìfihàn wá gbé wọ Jésù. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé yín pé fìtílà kò lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà láé, ẹ padà lọ tún ìlà yẹn kọ.